Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀: Ọ̀dọ́kùnrin Tó Kán Lẹ́sẹ̀ Lórí Òkè Ní Alẹ́ Ọyẹ́

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí wáyé ní ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín Kérésì àti ọdún tuntun, lórí ọ̀kan nínú àwọn òkè àpáta ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Kwara. N kò ní dárúkọ abúlé náà, n kò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí pé àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn gbà kí n kọ ọ́ kí ó lè ṣe ẹlòmíràn láǹfààní, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ kí a mọ̀ wọ́n. Mo fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi ọ̀rọ̀ ẹnì kan wé ti ẹnì kejì kí n tó kọ aago kankan sílẹ̀. Kíkọ́ àwọn ará ìgbèríko ní ìtọ́jú pàjáwìrì ni iṣẹ́ mi, ohun tó sì mú kí n ka ọ̀rọ̀ yìí sí pàtàkì ni pé, nígbà tí àwọn ọdẹ fi máa dé orí òkè lóru, àwọn tó jókòó ti ọ̀dọ́kùnrin náà láti ìrọ̀lẹ́ ti dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Bí àwọn yẹn bá ti ṣe é lódìkejì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkú ni àwọn ọdẹ náà ìbá gbé sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn márùn-ún ni wọ́n gbéra láti Ìlọrin láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin méjì. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni obìnrin kan tó ń gbé ní Kánádà, tó wá lo ìsinmi nílé. Àǹtí ni àwọn yòókù ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi yóò sì ṣe máa pè é. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀ jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, ọmọ ọdún 23. Lásìkò ọdún, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ wo omi Òwu tó ń já láti orí àpáta gíga ní Ìfẹ́lódùn kan náà, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí fẹ́ ibi tí èrò kò pọ̀ sí, wọ́n sì yan òkè mìíràn tí odò kékeré kan ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sí abúlé tó wà nísàlẹ̀, wọ́n kí àwọn tí wọ́n bá lójú ọ̀nà, wọ́n sì gba ọ̀nà oko gòkè ní nǹkan bí aago kan ọ̀sán. Wọn kò yà sílé Baálẹ̀, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni lábúlé ìgbà tí wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣá ti sọ orúkọ abúlé náà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó ń gbé ní Tánkẹ̀, ní Ìlọrin, ó sì ti sọ fún un pé àwọn yóò padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn wúlò púpọ̀ nígbà tó yá.

Ó yẹ kí n sọ bí ojú ọjọ́ ṣe rí, nítorí pé òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ọyẹ́ ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Lọ́sàn-án, oòrùn lè mú kí ìgbóná tó ìwọ̀n 33 tàbí 34 ti Celsius ní agbègbè wa. Bí oòrùn bá ti wọ̀, tí kò sí ìkùukùu lójú ọ̀run tí yóò dá ooru ilẹ̀ dúró, òtútù á dé kíákíá, ìwọ̀n náà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 18 tàbí kó dín, á sì tún dín sí i lórí òkè tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ láìsí ìdènà. Ẹni tó bá gun òkè nínú oòrùn ọ̀sán kò ní rántí pé aṣọ tí òun yóò nílò lálẹ́ kò sí lọ́wọ́ òun. Báyìí gan-an ni àwọn márùn-ún náà ṣe lọ: ẹ̀wù alápá pénpé, omi inú ike, fóònù. Kò sí tọ́ọ̀ṣì, kò sí aṣọ ìbora. Ìṣáná wà, nítorí pé wọ́n gbé iṣu dání tí wọ́n fẹ́ sun jẹ lórí òkè.

Ní aago 4:40 ìrọ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe ń múra àtisọ̀kalẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin náà gun àpáta kan létí odò kí wọ́n lè ya á ní fọ́tò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó já wálẹ̀ láti ibi tó ga tó nǹkan bí mítà mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ há sáàárín òkúta méjì, ara rẹ̀ yòókù sì ṣubú sínú omi. Gbogbo wọn ló gbọ́ ìró eegun náà. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ojúgun rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n awọ ara kò ya, ẹ̀jẹ̀ kò sì jáde. Kí Àǹtí tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà, ó bi í ní orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí wọ́n wà, ó fọwọ́ wá orí, ọrùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá ibì kan dùn ún, ó sì gbọ́ bí ó ṣe ń mí. Ìlànà tó tọ́ nìyẹn, nítorí pé ẹsẹ̀ tó wọ́ a máa gba ojú ènìyàn débi pé ohun tó lè tètè pani yóò wà níbòmíràn lára tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i.

Ìjiyàn àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì yòókù fẹ́ pọ̀n ọ́n, kí wọ́n sì máa sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìfẹ́ ló mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń lo wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà yẹn, oòrùn sì máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6:30 ní àsìkò náà. Ẹni tó pọ̀n ènìyàn sẹ́yìn lórí òkúta tó ń yẹ̀ kò lè rìn tó ìdajì ìrìn ẹni tó ń rìn lọ́wọ́ òfo, òkùnkùn ìbá sì ká wọn mọ́ ibi tó burú jù, níbi tí ọ̀nà ti tóóró láàárín àpáta. Yàtọ̀ sí èyí, ẹsẹ̀ tí a kò tíì dì, tó ń fì sókè sódò lẹ́yìn ẹni tó pọ̀n ọ́n, lè mú kí ẹnu eegun gé iṣan ẹ̀jẹ̀ tàbí kó lu awọ jáde. Àǹtí sọ fún wọn pé, "Ẹ má bínú, ẹ̀yin àbúrò mi, a ò ní kúrò níbí. Ibi tí wọ́n ti máa wá bá wa la máa wà." Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Bó bá jẹ́ pé iná ń jó igbó bọ̀ lọ́dọ̀ wọn ni, tàbí pé òkúta ń ya lulẹ̀ níbi tí wọ́n wà, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Wọ́n kàn gbé e rọra kúrò létí odò sẹ́yìn àpáta ńlá kan tó dínà atẹ́gùn, kò ju ìṣísẹ̀ díẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí àwọn ọdẹ fi dé.

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n bọ́ gbogbo aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà sọ fún un pé, "Àǹtí, ọyẹ́ wa kì í ṣe òtútù Kánádà o." Mo máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí níbi gbogbo tí mo ti ń kọ́ni, ó sì léwu gidigidi. Inú ara ènìyàn a máa gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 37. Tó bá ti wálẹ̀ kọjá 35, òtútù ti wọ inú ara nìyẹn, ọpọlọ, iṣan àti ọkàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Kò dìgbà tí omi bá dì kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Omi máa ń fa ooru kúrò lára ní nǹkan bí ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ tó tutù tó o lọ, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ tó gbẹ táútáú sì tún ń mú kí omi tètè gbẹ lára aṣọ, omi náà sì ń gbé ooru ara lọ bó ṣe ń gbẹ, gẹ́gẹ́ bí omi inú àmù ṣe máa ń tutù jù lọ nígbà ọyẹ́. Ẹni tó kán lẹ́sẹ̀, tí ara ń ro, tí kò lè rìn kí ara rẹ̀ lè móoru, tí gbogbo aṣọ rẹ̀ sì tutù, lè bọ́ sínú ewu yìí nígbà tí afẹ́fẹ́ wà ní ìwọ̀n 15 tàbí 18 pàápàá. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ tí wọ́n mú wá fún iṣu gé ṣòkòtò rẹ̀ kí wọ́n má baà fa ẹsẹ̀ náà, wọ́n nù ún gbẹ, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà sì bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ wọ̀ ọ́. Àbúrò wọn obìnrin, ìyẹn obìnrin kejì nínú wọn, tú gèlè orí rẹ̀, wọ́n sì fi wé orí àti ọrùn ọ̀dọ́kùnrin náà.

Lórí àwọn ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣi í ṣe. Bí ara bá ń tutù, aṣọ tí a ó fi bo ènìyàn lókè ni ọkàn wa máa ń lọ bá, a ó sì tẹ́ ẹ sórí àpáta lásán. Àpáta yẹn yóò máa gba ooru lára rẹ̀ láti ẹ̀yìn, láti ìdí, láti gìgísẹ̀, láìdúró, aṣọ tí a fi bò ó lókè kò sì lè dí i lọ́wọ́. Àǹtí ní kí wọ́n kó koríko gbígbẹ àti ewé, kí wọ́n fi igi gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan dáadáa nítorí ejò àti àkéekèé, kí wọ́n sì kó o jọ títí yóò fi nípọn ju ohun tí wọ́n rò pé ó tó lọ. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó o, ó ní kí ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀ lé e. Koríko náà wọlẹ̀ títí ẹ̀yìn onítọ̀hún fi kan òkúta. Wọ́n tún kó òmíràn kún un. Ìgbà tí ó wá nípọn tó láti ìka ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ ni wọ́n tó tẹ́ àpò tí wọ́n fi ru iṣu lé e lórí, wọ́n sì gbé ọ̀dọ́kùnrin náà sí i. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó koríko mìíràn bò ó láti ẹsẹ̀ dé àyà. Ní gbogbo àkókò tí mo fi bá wọn sọ̀rọ̀, kò sí ohun tí àwọn yòókù rántí kedere tó ìgbà tí Àǹtí dá wọn padà lọ kó koríko lẹ́ẹ̀kejì.

Dídì ẹsẹ̀ náà kò pẹ́. Igi gbọọrọ méjì, aṣọ tí wọ́n ká sí àárín igi àti ara, ìdè lókè orúnkún àti lábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, kí oríkèé méjèèjì má lè mì. Kò gbìyànjú láti tò ó. Ó tú okùn bàtà rẹ̀ kí ó lè máa rí ìka ẹsẹ̀, ó sì ń bi í lóòrèkóòrè bóyá ó mọ̀ ọ́n lára tí òun bá fọwọ́ kàn án, bóyá ìka náà gbóná tàbí ó tutù ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ.

Ní aago 5:15, àwọn ọkùnrin méjèèjì gbéra lọ pe ìrànlọ́wọ́, nígbà tí Àǹtí àti àbúrò obìnrin náà dúró. Ẹni méjì ni wọ́n rán nítorí pé bí ẹnì kan bá ṣubú lójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ á ṣì dé ilé. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà sórí lásán. Àǹtí kọ ọ́ sórí ìwé tí wọ́n fi dì búrẹ́dì, mo sì ti rí ìwé náà:

"Ọkùnrin, ọdún 23. Ojúgun ọ̀tún ṣẹ́, kò lanu. Ó ṣubú sínú omi ní 4:40, a ti bọ́ aṣọ tútù. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń gbọ̀n. A wà lẹ́yìn àpáta ńlá lápá òsì odò téèyàn bá ń gòkè, lókè ibi tí ọ̀nà ti tóóró. A ò ní kúrò níbẹ̀. Ènìyàn mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ ìbora, tọ́ọ̀ṣì, okùn, omi gbígbóná."

Lẹ́yìn ìwé náà, ó kọ àwọn nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibi tí wọ́n wà, èyí tí fóònù lè rí láti ojú sánmà kódà níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ìwé yìí dára. Ẹni tó bá kà á mọ iye ènìyàn tí yóò kó dání àti ohun tí wọn yóò gbé, kò sì ní gòkè lọ́wọ́ òfo kó tó wá padà sọ̀ kalẹ̀ wá mú aṣọ. Mo ti rí ìpè ìrànlọ́wọ́ tí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju "ẹ gbà wá o, a ti kú" lọ, tí àwọn tó gbọ́ ọ kò sì mọ bóyá ọkọ̀ ló dànù ni tàbí odò ló gbé ènìyàn lọ.

Nípa fóònù, wọ́n pa gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan lókè àti ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn ońṣẹ́, kí bátìrì má baà tán. Níbi ìyánà kan lójú ọ̀nà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yọjú díẹ̀. Ìpè kò wọlé, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sí ẹ̀gbọ́n tó wà ní Tánkẹ̀, nítorí pé àtẹ̀jíṣẹ́ lè gba ibi tí ohùn kò lè gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n náà pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì tí a ń lò ní Nàìjíríà, ó sì tún wá ọmọ bíbí àdúgbò náà kan rí lórí fóònù, ẹni tó mọ Baálẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ènìyàn ṣe méjèèjì. Nọ́ńbà ìjọba lè mú kí ọkọ̀ àti ilé ìwòsàn múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó mọ ọ̀nà òkè náà lóru, abúlé ni wọ́n wà.

Àǹtí sọ fún mi pé bó ṣe ń rán àwọn ońṣẹ́ lọ, ohun tí wọ́n kọ́ òun ní Kánádà nígbà tí òun ń tẹ̀ lé àwọn ẹgbẹ́ kan rìn lórí òkè nígbà òtútù ni òun ń tò pọ̀ lọ́kàn, òun sì rí i pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ bá ọyẹ́ mu, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Lọ́hùn-ún, tí òjò dídì bá ya láti orí òkè bo ènìyàn mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kọ́kọ́ sáré lọ pe ìrànlọ́wọ́. Àwọn tó kù lókè ni yóò wú ẹni náà jáde lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo wọn so mọ́ àyà tó ń ránṣẹ́ síra wọn lórí ìgbì rédíò kan náà (457 kHz), ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún òjò dídì wò, àti ṣọ́bìrì. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí wọ́n bá wú jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa ń yè, ṣùgbọ́n tó bá fi máa pé ìdajì wákàtí, ìrètí ti dín kù gan-an. Lórí òkè tiwa, wákàtí ni wọ́n ní, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí Àǹtí fi ní kí àwọn ońṣẹ́ rọra rìn, kí wọ́n má sáré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́ kò sí lórí òkè rárá, ìsàlẹ̀ ló wà. Gbogbo wa la mọ ohun tí ojú àwọn ará gúúsù Kwara ti rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ní abúlé tó wà lẹ́bàá igbó, tí ènìyàn bá ń ké "ẹ gbà wá" lójú alẹ́, ilẹ̀kùn ni àwọn ará ilé yóò tì. N kò lè bá wọn wí, nítorí pé ohùn ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n ti fi tan àwọn mìíràn jáde rí. Àwọn ọdẹ àti fijilántè tó ń ṣọ́ igbó náà lè yìnbọn sí ẹni tí wọn kò mọ̀. Àǹtí kò mọ gbogbo èyí tó, ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin méjèèjì mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ti jọ ṣe àdéhùn kí wọ́n tó gbéra: ẹnikẹ́ni tó bá gòkè wá, oríkì ọ̀dọ́kùnrin náà ni yóò pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àwọn tó wà lókè yóò sì tan iná fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti dáhùn. Ẹni tí kò bá pe oríkì náà, kí wọ́n má dáhùn.

Gáà àwọn darandaran Fúlàní kan ni wọ́n kọ́kọ́ dé, ní nǹkan bí aago 6:50. Wọ́n dúró lókèèrè, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, wọ́n kí wọn ní "Asalaamu aleikum," wọ́n sì dúró títí àgbàlagbà kan fi jáde. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àbúrò wa ló ṣubú lókè odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán." Bàbá náà kò dá wọn lóhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó, ó fún wọn lómi, ó sì rán ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀ lé wọn dé ilé Baálẹ̀, kí ó lè jẹ́ ẹni tí wọ́n mọ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo rò pé ìpinnu bàbá yìí wà lára ohun tó ṣe pàtàkì jù lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí wọ́n fi dé ilé Baálẹ̀, ìpè láti Ìlọrin ti ṣáájú wọn, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì bára mu. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pe olórí ọdẹ. Olórí ọdẹ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn ọdẹ tó ti wọ igbó kí wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ń gòkè, lẹ́yìn náà ló kó ọkùnrin mọ́kànlá jọ. Ìyá àgbà kan nílé Baálẹ̀ gbé kíjìpá méjì jáde láti inú àpótí rẹ̀.

Lókè, ilẹ̀ ti ṣú. Àǹtí fẹ́ dáná, ẹ̀rù sì ń bà á, nítorí pé gbogbo koríko òkè náà ti gbẹ, ó sì mọ bí iná ọyẹ́ ṣe máa ń jó. Ó wá ibi tí àpáta ti wà lásán láìsí koríko, ó gbá gbogbo ewé ibẹ̀ kúrò, ó fi òkúta yí i ká, ó sì dá iná kékeré sí apá ibi tí atẹ́gùn kò ti lè gbé ẹ̀ta-iná lọ sórí koríko tí àbúrò rẹ̀ sùn lé. Ó sun iṣu. Ọ̀dọ́kùnrin náà jẹ díẹ̀.

Ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, ìgbọ̀n ara rẹ̀ burú sí i, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ lẹ́nu bíi ti ẹni tó mutí. Ó béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ibi tó yẹ kí olùtọ́jú fi ojú sí nìyí: ìka tí kò lè di nǹkan mú mọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́, àti ní pàtàkì jù lọ, ìgbọ̀n tó dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ara ti móoru. Tí ìgbọ̀n bá dáwọ́ dúró báyẹn, agbára ara ti tán nìyẹn, kì í ṣe pé ara ti yá. Àbúrò obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ó ń kú lọ. Àǹtí sọ fún un nípa dókítà obìnrin ará Sweden kan, Anna Bågenholm, tó há sábẹ́ omi dídì ní Norway ní ọdún 1999, tí ìgbóná ara rẹ̀ wálẹ̀ dé 13.7, tí wọ́n sì jí i padà. Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì wọ inú koríko náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n fi ara ti àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì ń bá a sọ̀rọ̀. Ìgbọ̀n náà kò dáwọ́ dúró. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń já geere padà.

Ní aago 10:20, wọ́n gbọ́ fèrè ọdẹ láti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹnì kan pe oríkì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iná fóònù tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àwọn ọdẹ gbé ẹ̀kọ gbígbóná tí wọ́n fi ṣúgà sí wá nínú fláàsì. Nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tó sì lè gbé e mì fúnra rẹ̀, wọ́n fún un díẹ̀díẹ̀; bí iyè rẹ̀ kò bá tíì padà bọ̀ sípò ni, n kò ní fara mọ́ kí ohunkóhun wọ ẹnu rẹ̀. Ọdẹ kan yọ ògógóró jáde. Olórí ọdẹ fúnra rẹ̀ ló gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ̀nà, nítorí pé ọtí máa ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ ara sílẹ̀, ẹni tó mu ún á rò pé ara òun ń móoru nígbà tí ooru inú rẹ̀ ń jáde lọ. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ fi ìpara ra á lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, Àǹtí bẹ̀ ẹ́ pé kó dákun má ṣe bẹ́ẹ̀. Ara tó ti tutù gan-an kò fẹ́ fífi agbára ra, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ gbígbọ̀n jìgìjìgì, nítorí pé ọkàn lè tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù bí kò ṣe yẹ. Omi gbígbóná tó kù ni wọ́n dà sínú ike omi méjì, wọ́n fi aṣọ wé e kó má baà jó o, wọ́n sì fi há a lábẹ́ abíyá. Àyà, abíyá àti àárín itan ni a máa ń kọ́kọ́ mú móoru, kì í ṣe ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Igi gígùn méjì àti kíjìpá kan ni wọ́n fi ṣe ohun tí wọ́n gbé e lé. Kíjìpá kejì ni wọ́n fi wé e, koríko gbígbẹ sì tún wà lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n gbéra ní aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan ń fi iná ṣáájú, àwọn yòókù ń sinmi kí wọ́n lè gbà á. Ẹsẹ̀ ló wà níwájú, orí lẹ́yìn, kí orí lè wà lókè bí ọ̀nà ti ń lọ sísàlẹ̀. Níbi tí ọ̀nà tóóró, wọ́n so okùn mọ́ igi náà, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo bi olórí ọdẹ ìdí tí wọn kò fi dúró di òwúrọ̀, ó ní ẹsẹ̀ àwọn mọ ọ̀nà náà lókùnkùn, ó sì ti rí i pé ìka ẹsẹ̀ ọmọ náà ti ń tutù ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ. Ìdí kejì yẹn tó. Wọ́n dé abúlé ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ òru.

Àwọn àgbà kan fẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní abúlé kejì, ẹni tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ọlọ́wọ́ rere. N kò ní sọ̀rọ̀ àìdára nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ìka rẹ̀ ń tutù nílò ẹni tí yóò yẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ wò, tí yóò sì ya àwòrán eegun náà kí ó tó fọwọ́ fà á, ẹni tí òtútù ti wọ inú rẹ̀ sì nílò kí wọ́n máa ṣọ́ ọkàn rẹ̀ títí ara rẹ̀ yóò fi yá. Baálẹ̀ ló dá ẹjọ́ náà, ó ní kí ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ wọn jù, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì gbé e dé Ìlọrin lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sí eegun náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ó sì ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà tí mo bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn ẹbí rẹ̀ padà lọ sí abúlé náà láti dúpẹ́, mo sì bá wọn lọ. Wọ́n gbé kíjìpá tuntun fún ìyá àgbà, wọ́n yà sí gáà. Lẹ́yìn ọpẹ́, ọ̀rọ̀ bọ́ sórí ohun tí wọ́n máa ṣe bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀. Wọ́n fi ìwé kan sílé Baálẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gun òkè yóò kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti aago tí yóò padà sí. Bí aago náà bá fi wákàtí méjì kọjá, tí onítọ̀hún kò tíì dé, kí wọ́n pè é. Bí kò bá gbé e, kí wọ́n sọ fún olórí ọdẹ. Wọ́n gbà pé fèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta ni àmì ẹni tó nílò ìrànlọ́wọ́, wọ́n sì fi tó àwọn ará gáà àti fijilántè létí. Àwọn ẹbí ra aṣọ ìbora méjì, rọ́bà tó fẹ̀, okùn, tọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tí a ń dè mọ́ orí àti fèrè, wọ́n kó wọn sínú àpò kan tó wà nílé olórí ọdẹ. Ohun tó kù tí a kò tíì parí ni ti bátìrì tọ́ọ̀ṣì náà, torí pé ó máa ń kú tó bá pẹ́ nílẹ̀. Olórí ọdẹ ní kí n máa rán òun létí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá kí òun lè pààrọ̀ rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.